Oògùn Ọjọ́ Tí Ọkọ Bá Wà Nílé

Ọ̀fíntótó ni mí, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n fi bò fún yín. Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí gan-an ló máa ń dùn mọ́ mi jù, pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kẹta, etí mi á ti débẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó gbéra. Kò parọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ tí mo ti tọ pinpin rẹ̀ láyé mi, kò sí èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n, tó sì tún dójú tì mí, tó ọ̀rọ̀ káàdì oògùn kan tó kọ̀ tí kò tán.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni. Mo ti jáde ilé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ kò tíì sí, mo kàn wà nílé tí mò ń bá àwọn òbí mi jẹun ní Surulere. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ní kẹ́míìsì kékeré kan ní Mushin. Ó ní kí n wá máa bá òun dúró síbẹ̀ títí iṣẹ́ mi yóò fi jáde. Màmá ni mo ń pè é. Obìnrin tí kò fẹ́ràn àròyé ni. Bí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ìtàn àìsàn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Màmá á ní, "Ibo ló ń dùn ọ́ lónìí?" Èmi ní tèmi, mo fẹ́ gbọ́ gbogbo ìtàn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí Màmá bá ti yísẹ̀ padà báyìí, mo ti na ọrùn sórí káńtà nìyẹn.

Ní òdìkejì ọ̀nà, lẹ́yìn gọ́tà, ni ṣọ́ọ̀bù Àǹtí oníbọ́tìnì wà. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn. Bọ́tìnì, sípù, òwú, rọ́bà ìdí yẹ̀rì, gbogbo ohun tí àwọn aránṣọ fi ń parí aṣọ ló ń tà. Ó kù díẹ̀ kó pé ogójì ọdún nígbà náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n bí i sí, Mushin ló sì wà ní ẹnu rẹ̀. Bí ó bá bú ọ, o ò ní í mọ̀ títí o fi máa délé. Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn láti Jíbówú lọ sí ọ̀nà ìlà oòrùn. Bí ó bá jáde, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó lé díẹ̀ ló máa ń lò, á wá dé, á sun ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, á tún lọ.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, iṣẹ́ abẹ sì ni wọ́n fi gbẹ̀bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tí kò mọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Lórí ẹ̀kẹta, ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ lọ máa gbàdúrà. Nígbà tó là á já, dókítà pe tọkọtaya jókòó, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé ojú ibi tí àwọn ti là á ti fẹ́lẹ́, pé bí ó bá tún lóyún, ilé ọmọ náà lè ya, kí ìyá àti ọmọ sì bá a lọ. "Ó ní ilé ọmọ mi ti dà bí aṣọ tí wọ́n tú lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n tún rán lẹ́ẹ̀mẹta," Àǹtí á sọ bẹ́ẹ̀, á máa ká òwú. "Èmi tí mò ń ta òwú, ṣé ẹnikẹ́ni ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún mi?" Wọ́n ní àwọn lè so ilé ọmọ náà pa fún un, kó má lè lóyún mọ́. Ó ní òun ò tíì ṣetán fún ìyẹn. Oògùn oníhóró ni wọ́n wá fún un, ọ̀dọ̀ wa ló sì ti ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí oògùn náà ṣe rí. Káàdì kan ní hóró méjìdínlọ́gbọ̀n. Mọ́kànlélógún jẹ́ funfun, àwọn ni oògùn gan-an. Méje tó kù pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀kan lóòjọ́, láìfo ọjọ́ kankan. Bí èyí bá tán lónìí, òmíràn bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ ọjọ́ sí ara káàdì, Mọ́ńdè, Túsìdeè, títí dé Sọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í kà.

Àǹtí oníbọ́tìnì ra káàdì kan ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Oṣù kan kọjá, kò wá. Oṣù kejì kọjá, mi ò rí i. Ìgbà tí ẹ̀kẹta ń parí lọ ló tó rìn wọlé, ó ní kí n fún òun ní káàdì kan. Inú bí mi. Kẹ́míìsì tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní ìkóríta, ó ní ilẹ̀kùn onígíláàsì, ó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Mo ní ó dájú, Àǹtí yìí ti ń lọ rà níbẹ̀, ó kàn ń wá sọ́dọ̀ wa nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ro ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí ó bá ti kọrí sí ìkóríta, ojú mi ń bá a lọ. Ẹran sísun ló lọ ń rà.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ra sípù kan tí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Níbo lẹ ti ń ra oògùn yín báyìí?"

"Oògùn wo? Ọ̀dọ̀ yín náà ni."

"Káàdì kan fún oṣù mẹ́ta?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o máa pẹ́ láyé o, nítorí ikú gan-an ò ní í lè fara da ìbéèrè rẹ." Ó fa báàgì rẹ̀, ó yọ káàdì náà, ó jù ú sórí bọ́tìnì. Mo gbé e. Ihò mẹ́rin ló wà lórí ìlà àkọ́kọ́. Gbogbo hóró yòókù jókòó sínú ilé wọn.

"Àǹtí, kí lèyí? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó."

"Ta ló wà nílé tí mo fẹ́ lò ó fún lójoojúmọ́? Bí orí ò bá fọ́ ọ, ṣé o máa ń gbé parasitámọ̀ mì? Ọjọ́ tí bàbá àwọn ọmọ bá wọlé ni orí ń fọ́ èmi." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún kan àbọ̀ rèé. Ṣé o rí ikùn níwájú mi?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni, kò sí ikùn níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọdá gọ́tà padà, ẹ̀rín náà ti ń gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo sọ fún Màmá. Màmá pòṣé, ó ní, "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe oògùn." Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe oògùn ọjọ́ kan. Ti àná ló ń ran ti òní lọ́wọ́, bí èèyàn bá já a sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wá gbé mẹ́rin mì, ẹni náà kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò lo nǹkan kan.

Báyìí ni ọ̀fíntótó mi ṣe rí iṣẹ́ ṣe. Mo ní láti mọ̀: ṣé Àǹtí nìkan ni, àbí bí gbogbo obìnrin ṣe ń ṣe é nìyẹn? Gbogbo ẹni tó bá wá ra ohun ìfètòsọ́mọbíbí, mo ń bi í léèrè, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: màá kọ́kọ́ ní, "Ṣé ó bá yín lára mu?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Màá wá ní, "Báwo lẹ ṣe ń rántí ẹ̀?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde.

Tíṣà kan láti Yaba ń gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta. Obìnrin gidi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìwé ò kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó ní òun kì í kọ ọjọ́ sílẹ̀, pé gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ni òun ń lọ gbà á. Mo ní, "Mà, taamù mélòó ló wà lọ́dún?" Ó ní mẹ́ta. Mo ní, "Oṣù mélòó ló wà lọ́dún?" Ó ní, "Háà." Èmi náà ní, "Háà." Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló yẹ kó máa gbà lọ́dún, mẹ́ta ló ń gbà.

Òmíràn gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ní oṣù kìíní, ló bá gbé káàdì rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù títí ààwẹ̀ fi parí, ó ní òun ò lè máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run kí òun tún máa gbé nǹkan mì. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin àti ọkọ yín náà gba ààwẹ̀ ara yín ni?" Ó gbá mi lọ́wọ́ lórí káńtà. Ẹnì kan gbàgbé ọjọ́ márùn-ún, ó kó márààrún mì ní Sátidé pẹ̀lú ife omi kan, ó sì bì títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíràn ń fún ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé-ìwé ní àwọn hóró pípọ́n, nítorí ó gbọ́ pé ti ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣòfò. Ọmọ ọkùnrin ni, ẹ jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dáwọ́ dúró, nítorí oògùn tó ní irin nínú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ojú díwọ̀n fún ọmọdé. Nígbà tí mo bi ìyàwó kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń lo rọ́bà ìdáàbòbò bóyá gbogbo ìgbà ni, ó ní, "Gbogbo ìgbà tí a bá rántí." Mo ní, "Ìgbà mélòó lẹ máa ń rántí?" Ẹ̀rín ló fi jáde kúrò ní kẹ́míìsì, kò dá mi lóhùn títí dòní.

Ẹnu yà mí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó parọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń fètò sí ọmọ bíbí, gbogbo wọn ló máa ní àwọn ń ṣe é, tọkàntọkàn. Mo wá rí ohun kan tí mo rò pé òun ni okùnfà. Páálí tí oògùn náà ń bá dé ní káàdì mẹ́ta nínú, ìwé ìlànà kan ṣoṣo ló sì wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Káàdì kọ̀ọ̀kan là ń tà. Ìwé ìlànà á kù sínú páálí, páálí á lọ sí ibi tí à ń dalẹ̀ sí. Abájọ! Àwọn èèyàn yìí ò mọ̀ ni, èmi ni yóò sì là wọ́n lọ́yẹ̀. Mo jókòó, mo fi ọ̀sẹ̀ kan túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá sínú ìwé àkọsílẹ̀, mo sì ń kà á fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Mo ti di tíṣà. Àǹtí oníbọ́tìnì nìkan ni kò jẹ́ kí n ká a mọ́. Bí mo bá ti mú ìwé náà dání, á ní òun ní oníbàárà.

Ní àárọ̀ Túsìdeè kan, ó sọdá gọ́tà láìkí ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ti funfun. Ó ní kí n tẹ̀lé òun dé ẹ̀yìn, níbi tí à ń kó páálí sí. Ó ní, "Ọjọ́ méjìlá. Nǹkan oṣù mi ti fi ọjọ́ méjìlá kọjá."

Mo fún un ní pépà ìdánwò, ó lọ, ó bọ̀, ó gbé e sórí páálí kan, a sì dúró tì í. Ìlà kan túmọ̀ sí pé kò sí oyún, ìlà méjì túmọ̀ sí pé ó wà. Ìlà kan yọ. À ń retí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni a ò fẹ́ ẹ. Ó di ọwọ́ mi mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ó ní, "Àbúrò mi, èyí tó kéré jù ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu. Ta ló fẹ́ bá mi fọ ọ́ fún un?" Ìlà kejì kò yọ. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Màmá ní kó tún ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó ṣe é, ìlà kan náà ni. Ọ̀sán ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ padà sójú ọ̀nà ni nǹkan oṣù rẹ̀ wá dé, ó sì wá bá mi fúnra rẹ̀, ó ní, "Mú ìwé rẹ wá."

Mo kà á fún un látòkè délẹ̀. Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun. A jọ yan agogo méje àárọ̀, lẹ́yìn tó bá fọ ẹnu tán. Láti ọjọ́ kejì, bí ó bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, á na àtàǹpàkò sókè sí mi láti òdìkejì, èmi náà á na tèmi. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ń rò ó pé mo ti gba ẹ̀mí èèyàn là. Mo tilẹ̀ sọ fún ìyá mi, ìyá mi ní kí n rọra.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi nàka sí mi. Ọkọ rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Ọjọ́ kẹta, títì. Ọjọ́ kẹrin tí í ṣe Sátidé ló tó ṣí i, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ wa rárá. Mo sáré sọdá. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ó rí káàdì náà," ó ní. "Orúkọ ọjọ́ wà lára ẹ̀, ṣebí o mọ̀. Ó fi ìka kà á níwájú mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, 'Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo fi wà lójú ọ̀nà. Hóró mẹ́rìndínlógún ló ti lọ. Ta ni o ń lò ó fún?'"

Mo ní, "Yéè!"

"Ó ti gba káàdì lọ́wọ́ mi. Ó ti pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọ̀la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n máa jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé fún wọn. Màá sọ pé èmi ni mo kọ́ yín. Màá ní ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojoojúmọ́ ni."

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. "Ta ni kò mọ̀?"

Ó wo ìta bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

"Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fún mi. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n tún un sọ fún òun, mo sì tún un sọ. Ṣé o rò pé parasitámọ̀ ni mo pè é lóòótọ́?" Ó nu imú. "Bàbá wọn máa ń wo káàdì mi. Gbogbo ìgbà tó bá dé, kó tó jẹun. Kò sọ ọ́ rí, èmi náà ò sọ ọ́ rí. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ò sí nílé, tó ń lo oògùn oyún lójoojúmọ́, kí lẹ máa ń pè é ní àdúgbò yìí? Bí ihò bá ti bá ọjọ́ tó wà nílé mu, a jẹun, a rẹ́rìn-ín."

Mo ní kí ló dé tí kò fi í pamọ́. Ó ní, "Nínú yàrá kan àti pálọ̀? Bí ó bá rí i níta, ìjà ni. Bí ó bá wá rí i níbi tí mo fi í pamọ́ sí ńkọ́?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gbà láti máa lò ó?"

"Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ikú bà mí ju ẹ̀rù ọkọ lọ."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀fíntótó! Mo ti bi í bó ṣe ń lò ó, mo ti bi í níbi tó ti ń rà á, nígbà tó wá fi ẹ̀rín bo ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gba ẹ̀rín náà, mo gbé e lọ sílé. Ojú tì mí. Mo wá rántí ohun kan. Mo ní, "Àǹtí, láti ìgbà tí wọ́n ti gba káàdì náà, ẹ̀yin àti wọn…" Ó ní, "Àwọn ọmọ ni mò ń bá sùn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn láyé mi tí inú mi dùn pé tọkọtaya ń bínú síra wọn.

Mi ò tíì jókòó tán ní kẹ́míìsì nígbà tí ọkọ náà wọlé. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò ga. Ó kí Màmá dáadáa, ó wá gbé káàdì náà sórí káńtà níwájú mi. Ó ní, "Wọ́n ní ibí ló ti rà á. Ta ló ní kó máa lò ó nígbà tí mi ò sí nílé?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni." Mo fa ìwé ìlànà gan-an jáde, mo fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn án. Ó kà á, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ tirẹ̀ ṣàlàyé fún un, mo ní ó dà bí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì. Ó ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n páàkì kì í jẹ ọ́ìlì.

Màmá ló dá sí i. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, bí kò bá lò ó lójoojúmọ́, kò lò ó rárá ni. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀."

Ọkùnrin náà ń fi àtàǹpàkò tẹ àwọn ihò tó ti ṣófo lára káàdì náà. Nígbà tó yá, ó ní, "Láti ọdún kan àbọ̀ yìí, mẹ́rin-mẹ́rin ló máa ń lò. Ìgbà tí mo bá wà nílé nìkan. Mo máa ń kà á. Bí ó bá ti pé, ọkàn mi á balẹ̀." Ó wo Màmá. "Ní gbogbo ìgbà yẹn, ṣé ó lè lóyún?"

"Nígbàkígbà," Màmá ní.

"Oyún tí dókítà ní ó máa pa á."

"Òun náà ni."

Ó wá bẹ́ńṣì lẹ́yìn rẹ̀ láìwo ibẹ̀, ó jókòó. Ó ní lọ́jọ́ ìbí ẹ̀kẹta yẹn ní Ìdí-Àràbà, bàtà ìyàwó òun ni wọ́n kó fún òun níta, pé òun di bàtà náà mú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìmọ̀ bóyá ẹni tó ni ín ṣì wà. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀: "Ìgbà tó ń ṣe ohun tó lè pa á ni mo fọkàn tán an. Ìgbà tó ṣe ohun tó tọ́ ni mo pè é ní alágbèrè."

Ó dìde, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀. Èmi àti Màmá ń wò ó, a ò tilẹ̀ díbọ́n. Àǹtí ń wọn rọ́bà ìdí yẹ̀rì fún aránṣọ kan. A gbọ́ tí ọkọ náà ní, "Jọ̀ọ́, má bínú." Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n dá oníbàárà mi lóhùn ná." Ọkùnrin náà sì dúró síbẹ̀ láàárín àwọn aránṣọ, ó ń dúró de ìgbà tó máa kàn án. Nígbà tó kàn án, ó dá káàdì padà fún un níṣojú gbogbo wọn, ó ní kó máa lò ó bó ṣe yẹ, pé òun ò ní í wò ó mọ́ láé. Ó pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀ náà, ó ní ìpàdé ọ̀la kò sí mọ́, pé òun ni òun ṣìṣe. Ọ̀sán yẹn ló padà sí Jíbówú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ní Mọ́ńdè, mo ń retí kó nàka sí mi. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wá, ó ti wọ aṣọ ìjáde, ó ní kí n sin òun dé Ìdí-Àràbà. Nínú kẹ̀kẹ́, mo ní, "Àǹtí, ṣebí wọ́n ti bẹ̀ yín?" Ó ní, "Ó bẹ̀ mí. Ó bẹ̀ mí dáadáa, mo ti dárí jì í, ó sì ti ń pè mí lójú ọ̀nà láti ìgbà yẹn." Kò sọ ohun mìíràn, èmi náà ò sì bi í. Ìyẹn ò rọrùn fún mi o.

Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Mà, oògùn oníhóró lẹ ń lò. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀? Ṣé ó ń mú èébì wá ni? Àbí orí ń fọ́ yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn yòókù fún un, abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, èyí tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ apá tó máa ń lò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ó ní èwo ló wù ú nínú wọn.

Àǹtí ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ẹ fún mi ní èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè kà."